Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Bàbá Oníná: Ẹ̀rọ Tó Ń Kùn Tí Kò Yí Lẹ́yìn Màgáríbì

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ ìlọta ni mo ní ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Iná ni mo fi ń lò ó, féèsì mẹ́ta, 10 horsepower. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń lọ ata, ó ń lọ àgbàdo, kò yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ẹ̀yìn Màgáríbì, nígbà tí àwọn oníbàárà pọ̀ jù, tí mo bá tàn án, á kàn máa kùn ni, kò ní yí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́ìlì rẹ̀ ti jóná láàárín ọdún kan. Ẹni tó ń bá mi wé e ní kí n tà á, kí n ra 15 horsepower. Ọ̀rẹ́ mi kan ní sitabiláísà ńlá ni kí n rà. N kò ní owó tí mo lè fi ṣàṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Ìyá Ẹlẹ́rọ, Àjàṣẹ́-Ìpo

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ káre tí ẹ kọ̀wé kí ẹ tó nawó. Ẹ má ra 15 horsepower. Ẹ má sì ra sitabiláísà. Kọ́ìlì yín kò lẹ́bi, ẹni tó ń wé e náà kò ṣe iṣẹ́ burúkú. Mo tú ìdérí ẹ̀rọ náà wò fúnra mi, ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin mọ̀ pé mo wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó ń kà wá. Iná kì í ṣe ohun tí èèyàn lè jókòó sí Ìlọrin kó máa wò fún ará Àjàṣẹ́. Mo wọkọ̀ ní Òffà Gáréèjì lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo mú mítà mi dání, èyí tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ibùdó iná ńlá. Ní agogo 12 ọ̀sán, mo fi wọn féèsì sí féèsì. Mo rí fóltì 392, 390 àti 395 (fóltì ni a fi ń wọn fóltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná gba inú waya). 400 ló yẹ kó jẹ́, nítorí náà kò burú. Ẹ̀rọ ń lọ àgbàdo ògì lọ́wọ́ nígbà náà. Mo fi mítà alágbàámú gbá ọ̀kan nínú waya rẹ̀ mú, ámpíà 14 ló ń fà (ámpíà ni a fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Mo wá jókòó tì yín di alẹ́. Nígbà tí agogo 7 kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mo tún wọn ọ́n: 318, 309, 326. Gílóòbù orí wa ti pọ́n bí ẹyinná. Ẹ tan ẹ̀rọ, ó ń kùn. Mo ní kí ẹ kó àgbàdo inú rẹ̀ kúrò ná, kí ẹ tún tàn án lófìfo. Ó rọra fà á títí, ó yí. Ẹ wá ń bu àgbàdo sí i díẹ̀díẹ̀. Mo wo mítà, ámpíà ti di 18.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀. Agbára tí mọ́tọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ iná tó ń yí ọlọ yín, fi ń gbéra máa ń sáré wálẹ̀ ju fóltéèjì lọ. Ẹ fi 400 pín 318, ẹ ó rí 0.79 àti díẹ̀. Ẹ sọ iye yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 0.63. Nínú agbára 100 tí ẹ̀rọ yín fi ń gbéra nígbà tí iná pé, 63 péré ló kù sí i lọ́wọ́ lálẹ́, ẹ sì ti da àgbàdo tútù sí i lẹ́nu kí ẹ tó tàn án. Ìdí tó fi ń kùn nìyẹn.

Ìdí tí kọ́ìlì fi ń jó yàtọ̀ díẹ̀. Iná lè dín, iṣẹ́ tí àgbàdo ń béèrè kò dín. Ẹ̀rọ tó ti ń yí á máa fa ámpíà sí i láti fi dí àlàfo náà. Ooru inú waya kọ́ìlì sì ń bá ámpíà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ. Bí ooru ọ̀sán bá jẹ́ 14 lọ́nà 14, ìyẹn 196, ti alẹ́ jẹ́ 18 lọ́nà 18, ìyẹn 324. Ooru 324 nínú kọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún bíi 200, lálaalẹ́, fún oṣù mẹ́fà! Bí ẹ bá ra 15 horsepower, irin tó tóbi jù ni ẹ ó gbé síbẹ̀, á sì tún fa iná ju èyí lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Fóltéèjì á tún wálẹ̀ sí i.

Kí ló wá jẹ fóltéèjì yẹn láti ọ̀sán di alẹ́? Ibí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí, nítorí ó kan ẹni tí kò ní ẹ̀rọ rárá.

Ohun méjì ni mọ́tọ̀ ń gbà lọ́wọ́ waya. Ọ̀kan ni agbára iṣẹ́, èyí tó ń lọ àgbàdo. Èkejì ni èyí tí irin inú mọ́tọ̀ fi ń di òòfà. Bí irin kò bá di òòfà, kò sí ohun tí yóò yí. Iná tó ń wọ ilé wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà ìgbà 100 ni òòfà yẹn ń dìde tó sì ń kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Nígbà tó bá ń dìde, á gba agbára lára waya. Nígbà tó bá ń kú, á dá a padà. Kò jẹ nínú rẹ̀, ó kàn ń yá a ni. Reactive power ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èmi ń pè é ní agbára àlọbọ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, àlọ àti àbọ̀.

Ẹ wo alágbẹ̀dẹ. Atẹ́gùn inú ẹwìrì kì í ṣe ọkọ́, kì í ṣe àdá, kò sì sẹ́ni tó ń lọ ra atẹ́gùn lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó ń fínná dáwọ́ dúró, ká wá wo irin tí yóò pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ iná ni alágbẹ̀dẹ sì ń gbé ẹwìrì rẹ̀ sí. Bó bá gbé e sí ìlú mìíràn, tó fẹ́ kí atẹ́gùn gba inú páìpù wá bá òun ní Àjàṣẹ́, atẹ́gùn á ti tán lójú ọ̀nà. Ohun tí à ń ṣe sí agbára àlọbọ̀ nìyẹn. Agbára iṣẹ́ lè ti Jẹ́bà tàbí Káínjì wá, kó rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, kó sì dé ọ̀dọ̀ wa láìdín púpọ̀. Agbára àlọbọ̀ kò mọ ìrìn jìnnà rìn. Bó bá ṣe ń rìn ló ń jẹ fóltéèjì lọ, waya tó ń gbé e sì ń gbóná fún ohun tí kò lọ àgbàdo kan ṣoṣo.

Màmá, ìṣísẹ̀ 640 ni mo kà láti ìdí tiransífọ́mà dé ẹnu ilé yín. Lórí waya kan náà ni ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta mìíràn wà, àti wẹ́ẹ̀dà méjì, àti ìyá tó ń ta ẹja tútù tó ní fíríìsà mẹ́fà. Wẹ́ẹ̀dà ló le jù nínú gbogbo yín. Àwọn ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì wọ̀nyẹn, àlọbọ̀ tí wọ́n ń fà sábà máa ń ju agbára iṣẹ́ wọn lọ. Tó bá wá di alẹ́, tí gbogbo ilé tan fáànù, tí ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, gbogbo àlọbọ̀ àdúgbò á wọ waya tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà. Ẹ̀yin sì lẹ wà ní òpin rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ má ra sitabiláísà. Èmi náà ti rà á rí. Oní 5 kVA ni mo gbé sí ilé mi ní Tánkẹ̀, nítorí fíríìsà ìyàwó mi. Inú wa dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ ilé tó tẹ̀ lé tiwa wá kí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, bí ẹ̀rọ yín bá ti dún kọ́ọ́ báyìí, iná tiwa máa ń wálẹ̀. Ṣé nǹkan kan ń ṣe waya wa ni?” Mo mú mítà lọ sí pálọ̀ wọn. Mo ní kí wọ́n pa tèmi: 187. Wọ́n tan tèmi: 181. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú mítà lọ́wọ́, mo ń wo ìyá wọn tó ń fi àbẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ. Mo tú sitabiláísà náà kúrò lọ́jọ́ yẹn. Sitabiláísà kì í dá iná. Ohun tó fi kún tìrẹ, ara waya ló ti fà á, àti ẹni tó wà lórí waya kan náà pẹ̀lú rẹ ló ń san án. Bí ilé mẹ́wàá bá wá rà á, olúkúlùkù á fa ámpíà sí i, fóltéèjì á wálẹ̀, gbogbo sitabiláísà á tún dún kọ́ọ́, wọ́n á tún fà sí i, títí fíúsì tiransífọ́mà á fi já. Àdúgbò ló ni fóltéèjì. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà mí gba èyí gbọ́, nítorí mo ti rí i tí ọ̀rẹ́ di ọ̀tá lórí rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe láti òní lọ, láìná kọ́bọ̀: ẹ má tan ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹrù lẹ́nu mọ́ lálẹ́. Tàn án lófìfo, kó yí dáadáa, kí ẹ tó bu nǹkan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ohun kékeré tó ń ṣọ́ fóltéèjì àti féèsì, kí oníná so ó mọ́ sítátà (súwíìsì tí ẹ fi ń tan ẹ̀rọ), kó sì tò ó sí 340. Bí iná bá ti wá sísàlẹ̀ 340, á pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ ó bínú sí i lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó owó kọ́ìlì kan.

Lẹ́yìn náà ni kapásítọ̀. Kapásítọ̀ náà ń gba agbára àlọbọ̀, ó sì ń dá a padà, ṣùgbọ́n àsìkò tirẹ̀ lòdì sí ti mọ́tọ̀. Nígbà tí òòfà mọ́tọ̀ ń gbà, kapásítọ̀ ń fún un. Nígbà tí òòfà ń dá a padà, kapásítọ̀ ń gbà á. Àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, lórí waya tí kò gùn ju apá lọ, wọn kò ní yọ tiransífọ́mà lẹ́nu mọ́. Ẹwìrì ti dé ẹ̀gbẹ́ iná nìyẹn. Fún mọ́tọ̀ tiyín, 2.5 kVAr tó (kVAr ni a fi ń wọn agbára àlọbọ̀). Ámpíà 14 tí mo rí lọ́sàn-án á wá sí nǹkan bíi 12 àti ààbọ̀, àgbàdo kan náà ni ẹ ó sì lọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó lẹ́yìn sítátà, kó máa kú pẹ̀lú mọ́tọ̀. Kí ó sì jẹ́ oníná tó mọṣẹ́ ló so ó, nítorí kapásítọ̀ ń pa iná mọ́ sínú kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú iná lọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láìtíì tú iná inú rẹ̀ dànù lè kú.

N kò ní tàn yín. Bí ẹ̀yin nìkan bá ṣe é, ẹ lè má rí ju fóltì 1 tàbí 2 lọ lálẹ́. Bí gbogbo ẹ̀yin ẹlẹ́rọ, àwọn wẹ́ẹ̀dà àti ìyá ẹlẹ́ja bá jọ ṣe é, tí ó tó nǹkan bíi 40 kVAr, fóltì 10 sí 15 lè padà. Ìyókù, waya tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló mọ̀ ọ́n, kò sí kapásítọ̀ tó lè sọ waya tẹ́ẹ́rẹ́ di waya ńlá. Ẹ jọ kọ̀wé sí àwọn tó ń pín iná, ẹ fi iye tí mo wọ̀n sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti agogo, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí wọ́n pín ilé sórí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gbadọ́gba, kí wọ́n pààrọ̀ waya, tàbí kí wọ́n gbé tiransífọ́mà kékeré kan wá sí apá ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó lọ bá wọn pẹ̀lú 318 lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó lọ sọ fún wọn pé iná kò gbé ẹ̀rọ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹnì kan ń ta àpótí kékeré kan ní àdúgbò wa. Ó ní tí mo bá fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, owó iná mi á di ìlàjì. Ṣé kí n rà á?
Gáà Akànbí, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Má rà á. Kapásítọ̀ kékeré ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Mítà ilé agbára iṣẹ́ nìkan ló ń kà, kì í ka àlọbọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí àpótí yẹn máa dín kù lórí owó rẹ. Ilé iṣẹ́ ńlá lè jèrè lára kapásítọ̀, ìwọ kò ní mítà irú tiwọn. Fi owó náà ra gílóòbù LED.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ yunifásítì ni mí. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń sọ pé fóltéèjì tó wálẹ̀ ló burú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, fóltéèjì tó ga jù ló pa iná gbogbo ìlú. Ṣé ó ṣeé ṣe?
Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, ọmọ mi, inú mi sì dùn pé o béèrè. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí agogo 12 kọjá ìṣẹ́jú 33 lọ́dọ̀ wọn, fóltéèjì gun òkè, àwọn ibùdó tó ń pèsè iná bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan láti dáàbò bo ara wọn. Ìgbà tí ọ̀kan bá sì já, fóltéèjì á tún gòkè sí i. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Sípéènì àti Pọ́túgà wọ òkùnkùn.

Èyí tí ìwọ mọ̀, fóltéèjì tó wálẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1987. Ooru mú, àwọn èèyàn jẹun ọ̀sán tán, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní agogo 1, ẹ̀rọ amúlétutù bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná. Àwọn tó wà nídìí iná ti gbogbo kapásítọ̀ tí wọ́n ní wọlé, kò tó. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 oníbàárà tí iná kú mọ́ lójú. Ìdí tí kò fi tó ni pé bí fóltéèjì bá wálẹ̀ sí 80 nínú 100, kapásítọ̀ tó yẹ kó mú 100 wá á mú 64 péré wá. Ìgbà tí a nílò rẹ̀ jù ló ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ìgbàlódé kò sì gbà kí iṣẹ́ òun dín. Bí fóltéèjì bá lọ sílẹ̀, á fa ámpíà sí i, gẹ́gẹ́ bí sitabiláísà mi ní Tánkẹ̀.

Ti fóltéèjì gíga, ojú mi ló ti rí i. Waya 330 kV (ìyẹn 330 lọ́nà ẹgbẹ̀rún fóltì) tó so Jẹ́bà mọ́ Òṣogbo lé ní 150 kìlómítà. Waya tó gùn báyìí fúnra rẹ̀ ń ṣe bíi kapásítọ̀: òun àti ilẹ̀ dojú kọ ara wọn, ó ń bí agbára àlọbọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lójú ọ̀sán, ẹ̀rọ àti mọ́tọ̀ ń jẹ ẹ́, a kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ní agogo 2 òru, ní ìgbà òjò, tí ara tutù, tí kò sẹ́ni tó tan fáànù, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ mọ́, fóltéèjì á máa gun òkè. Mo ti jókòó síwájú pátákó mítà rí, mo ń wo 330 tó di 341, tó di 347, tó di 352, tí ọwọ́ mi tutù. Tẹlifóònù dún láti Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Ohùn náà ní ká ti riákítọ̀ wọlé. Riákítọ̀ jẹ́ kọ́ìlì ńlá inú agbada epo, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jẹ agbára àlọbọ̀ tó bá ṣẹ́ kù. Irú wọn wà ní Jẹ́bà àti Òṣogbo. Mo yí súwíìsì, ó ké gbàrà lóde, ilẹ̀ mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mítà padà sí 336. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé kí n mí.

Àwọn jẹnẹrétọ̀ omi ní Káínjì àti Jẹ́bà lè ṣe méjèèjì: bí wọ́n bá fi kún iná tí wọ́n fi ń sọ irin àárín rẹ̀ di òòfà, á pèsè àlọbọ̀. Bí wọ́n bá dín in kù, á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Tìrẹ tó o ń kàwé rẹ̀, bá mi fojú sí ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń dá iná pọ̀ díẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ fóltéèjì lóru kò pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, láti àná, gílóòbù yàrá mi ń tàn bí oòrùn, ti pálọ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tẹlifíṣọ̀n wa ti jó. Kí ni ká ṣe?
Òkó-Erin, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ẹ pa súwíìsì ńlá ẹnu mítà báyìí, kí ẹ tó kà á síwájú. Féèsì tó wọ ilé yín ju ọ̀kan lọ, níútírà (waya tí iná ń gbà padà) sì ti já. Yàrá àti pálọ̀ wá ń pín 400 láàárín ara wọn. Èyí tí nǹkan kò pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀, ó lè tó 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe tan nǹkan kan, fíríìjì pàápàá, títí oníná tó mọṣẹ́ á fi dé. Kó kọ́kọ́ wo ibi tí níútírà ti so mọ́ mítà, lẹ́yìn náà orí òpó. Bóòtì tó ti dúdú, tí waya rẹ̀ ń mì lọ́wọ́, ni ó ṣeé ṣe kó bá níbẹ̀.